Ebi Ti Lọ, Ilẹ̀ Ò Tètè Ṣú: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Wa Tó Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Ikùn ní London

Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Wọn ò tíì rí iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín sísanra kù nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn. Ọmọ tí wọ́n ti gé ikùn rẹ̀ kù, ebi ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìṣẹ́ ò sì bùṣe. Ó jókòó sí yàrá kan ní Peckham, owó ò wọlé bó ṣe yẹ, aago mẹ́ta ọ̀sán kọ̀, kò di mẹ́rin, ẹnu ń wá nǹkan tó máa jẹ, ikùn ní òun ò gbà.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe ní gúúsù London títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo rí àwọn ọmọ wa tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní wọ́ọ̀dù, mo sì rí ọmọ àbúrò mi tó wá sinmi lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tirẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo wọn nípa ọgbẹ́, nípa oúnjẹ, nípa oògùn. Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wọn nípa ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí ẹni tó ń pè, tí kò sí ibi tí a ń lọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀sán yẹn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Bí èyíkéyìí nínú rẹ̀ bá ta ko ọ̀rọ̀ dókítà rẹ tàbí ti onímọ̀ oúnjẹ ní ọsibítù, tiwọn ni kí o mú.

1. Mọ ohun tí wọ́n gé, sì mọ ohun tí wọn ò gé.

Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ikùn ni wọ́n ń gé dànù, ó tilẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Nínú bypass, wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè ikùn, kò tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, wọ́n á wá fa ìfun so mọ́ ọn. Apá òkè ikùn tí wọ́n gé nínú sleeve, ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń lo oṣù mélòó kan tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ebi lára.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ dókítà ò dé ibi tí àṣà ń gbé. Bó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí o ti ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin díndín ní aago mẹ́wàá alẹ́ nítorí pé fíìmù ń lọ lọ́wọ́, aago mẹ́wàá á lù, fíìmù á bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ á sì nà sí ibi tí àwo máa ń wà. Má pe ara rẹ ní wọ̀bìà. Kì í ṣe ikùn nìkan lo ti ń fi oúnjẹ kún látẹ̀yìn wá, o fi ń kún ọjọ́ pẹ̀lú. Ríronú ohun tí a máa jẹ, lílọ sọ́jà, sísè, jíjẹ, àwo fífọ̀, kí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ronú èyí tó kàn: kó gbogbo ìyẹn kúrò nínú ọjọ́ kan, kí o wo bí wákàtí tí kò lólúwa ṣe máa ṣẹ́ kù. Wákàtí wọ̀nyẹn ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe ikùn rẹ.

Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ebi, bi ara rẹ bóyá o lè jẹ ẹja sísè tí kò ní ata. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, lọ jẹun. Bó bá jẹ́ pé ṣíńṣín nìkan ló lè tán an, kì í ṣe ebi, àìrí-nǹkan-ṣe ni.

2. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni kí o múra sílẹ̀ fún.

Ọ̀sẹ̀ kìíní kì í sú èèyàn. Ìrora wà níbẹ̀, oorun wà níbẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àwọn alásàlátù ń wọlé ń jáde, fóònù ń dún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, olúkúlùkù ti padà sẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ rẹ̀. Ìwọ wà nílé, omi ọbẹ̀ àti oúnjẹ lílọ̀ lò ń jẹ, wọ́n ní kí o má gbé ohun tó wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ gbígbé àti iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ni ọ̀pọ̀ yín ń ṣe níbí.

Nítorí náà, pín àlejò rẹ kí o tó wọ ọsibítù. Sọ fún ọ̀rẹ́ kan pé kó má wá lọ́sẹ̀ kìíní rárá, ọ̀sẹ̀ kẹta ni kó wá, ní ọ̀sán. Sọ fún ẹlòmíràn pé ọ̀sẹ̀ kẹrin ni tirẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín pé o ń ṣe bí ẹni ń pín oúnjẹ ìnáwó. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

3. Fi owó oúnjẹ tó dínkù ṣe nǹkan tó hàn sí ojú.

Ní ọdún 2025, owó àìsàn tí òfin ní kí ẹni tó gbani síṣẹ́ máa san jẹ́ £118.75 lọ́sẹ̀, kò sì kọjá ọ̀sẹ̀ 28. Ẹni tó ń san owó ilé ní London mọ̀ pé ìyẹn ò dé ibì kankan. Ṣùgbọ́n wo apá kejì: ikùn tó kéré kì í jẹ owó púpọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé owó tí oúnjẹ fi sílẹ̀ a máa yọ́ lọ láìjẹ́ pé a rí ojú rẹ̀. Wá kóló kan, agolo lásán tó o bá ti dá ihò sí lórí tó. Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá kọjá níwájú àwọn tó ń din adìyẹ ní Rye Lane, tí o ò yà, ju iye tí o bá ti ná síbẹ̀ sínú kóló nígbà tí o bá délé. Owó yẹn ni ti bọ́ọ̀sì àti ti tẹ́lọ̀, èyí tí mò ń bọ̀ wá sọ.

Má lọ kó owó fún àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun alágbára fún àwọn oníṣaré ìdárayá. Ọ̀pọ̀ ọsibítù máa ń ní kí o jẹ nǹkan bí gíráàmù 60 sí 80 èròjà amúaradàgbà lójúmọ́. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà nínú rẹ̀, ẹja inú agolo sì pọ̀ níṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú. Da síbí ńlá mẹ́rin ìyẹ̀fun mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ sínú páíńtì mílíìkì kan, rò ó pọ̀, kí o máa mu díẹ̀díẹ̀ láti inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ló kọ́ wa ní ìyẹn ní wọ́ọ̀dù, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan ńlá. Bí o bá se ọbẹ̀ ẹja, lọ̀ ọ́, dà á sínú ike tí wọ́n fi ń di omi ní fíríìsà: ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ló máa tó ọ lẹ́ẹ̀kan, o ò ní da ìkòkò ọbẹ̀ nù mọ́.

Ibi kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ kí o ti ṣọ́ owó ná ni fítámì. Títí ayé ni wọn. Bó bá jẹ́ pé dókítà ló ń kọ wọ́n fún ọ, oògùn kan jẹ́ £9.90 ní England ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ìwé ìsansílẹ̀ ọdún kan wà tó kó gbogbo oògùn ọdún náà, £114.50 ni lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá wà lórí owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba lè má san kọ́bọ̀. Bèèrè lọ́wọ́ olóògùn. Abẹ́rẹ́ B12 tí ọ̀pọ̀ ń gbà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri.

4. Jẹ́ kí jíjẹ àti mímu gba àkókò.

Èyí le fún wa ju fún àwọn aládùúgbò wa aláwọ̀ funfun lọ, mo sì fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀. Òkèlè là ń jẹ. A kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé là ń gbé e mì, ọbẹ̀ ilá ló ń bá wa tì í sọ̀kalẹ̀. Ikùn tuntun ò gba gbígbémì. Iyán á lẹ̀ mọ́ ọ̀nà, ẹ̀bà á tún máa wú, ìwọ á sì dìde lórí tábìlì lọ máa bì. Nígbà tí wọ́n bá gbà ọ́ láàyè láti padà sí oúnjẹ líle, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ fún ọ̀pọ̀, fi mọ́ínmọ́ín àti ẹja bẹ̀rẹ̀. Rún oúnjẹ ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ogún ìgbà kí o tó gbé e mì. Fi síbí tíì jẹ ẹ́ nínú àwo kékeré. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó sì tún ní èrè mìíràn: oúnjẹ tó ń gba ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ti gba díẹ̀ lára ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Omi náà bẹ́ẹ̀. Wọn ò ní kí o mu omi mọ́ oúnjẹ, kí o dúró tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ o gbọ́dọ̀ mu lítà kan àbọ̀ ó kéré tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ní gbígbì kékeré. Ìyẹn fúnra rẹ̀ ti tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Malt ńkọ́? Ṣúgà àti afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tó ṣe bypass tó bá mu ohun dídùn bẹ́ẹ̀, òógùn lè bò ó, àyà rẹ̀ á máa já, òòyì á kọ́ ọ, kí ìdajì wákàtí tó pé. Fi sílẹ̀.

5. Ilé ìdáná ní aago ìtìpa. Tèmi jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́. Iná á kú níbẹ̀, ilẹ̀kùn á padé, bó bá sì jẹ́ yàrá kan ṣoṣo lò ń gbé, da aṣọ bo tábìlì oúnjẹ. Má jẹun níwájú tẹlifíṣọ̀n mọ́.

6. Jáde. Ìlú yìí wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tó dára jù nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Àwọn nọ́ọ̀sì á ti ní kí o dìde rìn láti ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, nítorí kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú ẹsẹ̀. Má dáwọ́ ìyẹn dúró nígbà tí o bá délé. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, lọ́jọ́ kejì kí o dé ìkejì. Nígbà tí dókítà bá gbà, parkrun wà láràárọ̀ Sátidé ní aago mẹ́sàn-án, kìlómítà márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2004 ló sì bẹ̀rẹ̀ ní Bushy Park. Ó wà ní Burgess Park, ó wà ní Peckham Rye. Orúkọ rẹ̀ ní eré sísá, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rìn pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń yan ẹnìkan tó ń rìn kẹ́yìn gbogbo èèyàn kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ́ ìkẹyìn. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an ni. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì wúwo máa ń rò pé gbogbo ayé ló ń wo òun.

Tí òjò bá ń rọ̀, Peckham Library wà níbẹ̀, ilé aláwọ̀ mèremère tó tẹ orí síwájú yẹn. Ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, ó sì gba ẹ̀bùn Stirling lọ́dún yẹn kan náà gẹ́gẹ́ bí ilé tó dára jù. Ọ̀pọ̀ yín ti kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà, ọjà lẹ gbà lọ. Ó móoru nígbà òtútù, gáàsì ilé rẹ á sinmi, íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, káàdì rẹ̀ ò ná ọ ní nǹkan kan, o sì lè fi yá ìwé tí wọ́n ń kà sí ọ létí lórí fóònù. Wọn ò sì jẹ́ kí èèyàn fi oúnjẹ ìdọ̀tí ba ìwé jẹ́, èyí tó wúlò fún irú rẹ.

Bọ́ọ̀sì ńkọ́? £1.75 ni lọ́dún 2025, láàárín wákàtí kan sì ni o lè bọ́ sílẹ̀ kí o wọ òmíràn láìsan owó mìíràn. Wọ 12 láti Peckham, gun òkè, jókòó síwájú pátápátá. Ó gba Camberwell, ó gba Elephant, ó gorí afárá Westminster, o rí odò Thames lọ́tùn-ún lósì. Àwọn àlejò ń san owó gọbọi fún ohun tí ojú rẹ rí yẹn. Bọ́ sílẹ̀ ní Trafalgar Square kí o fẹsẹ̀ rìn dé British Museum. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Lọ wo orí idẹ tó wá láti Ilé-Ifẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Dúró tì í. Wo ilà ojú yẹn bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tí mo rò nípa pé ó wà ní London, n ò ní sọ ọ́ níbí, ọgbẹ́ rẹ ò tíì jinná tó láti gba ìbínú mi.

Èyí tó sún mọ́lé jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Horniman Museum ní Forest Hill, ọgbà rẹ̀ gbòòrò, ọ̀fẹ́ ni òun náà yàtọ̀ sí àwọn ibì kan nínú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé 72 tí wọ́n kó ní Benin sílẹ̀ fún Nàìjíríà padà lóṣù kọkànlá 2022.

7. Wá iṣẹ́ fún ọwọ́, nítorí ọwọ́ ló ń gbé nǹkan dé ẹnu.

Ẹyin lo máa jẹ púpọ̀ lóṣù wọ̀nyí. Páálí ẹyin méjìlá, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì: gé ìdérí rẹ̀ dànù, ọpọ́n ayò ló wà níwájú rẹ yẹn. Ọmọ ayò 48 lo nílò, mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnì dára, òkúta wẹ́wẹ́ dára. Má fi ẹ̀pà ta á. Ọmọ àbúrò mi fi ẹ̀pà ta á, àárín ọ̀sán ni ayò ti tán lórí ọpọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ ẹnikẹ́ni.

Ayò ò dà bí eré orí fóònù. Ojú rẹ á máa ka, orí rẹ á máa ṣírò ibi tí ọmọ tó kẹ́yìn máa bọ́ sí, ọwọ́ rẹ á máa pín, wákàtí kan á lọ láìdágbére. Bó ò bá rí ẹni bá ọ ta, fi ọwọ́ òsì ta fún ọwọ́ ọ̀tún. Àmọ́ bàbá arúgbó kan máa wà ní àdúgbò rẹ tó ti ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ta láti ìgbà tó ti dé London. Gbé páálí rẹ lọ bá a. Á kọ́kọ́ fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, á jẹ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, á sì sọ pé kí o padà wá lọ́la.

Bí ayò ò bá wù ọ́, kọ́ irun dídì, kọ́ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè fún ẹlòmíràn, hun fìlà. Àwọn wọ̀nyí ń mú owó wọlé. Ọwọ́ tó ti kó òróró irun ò lè bọ inú àpò ṣíńṣín.

8. Pe ilé, kí o gba oríkì rẹ sílẹ̀.

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn mi, èyí ni mo gbà gbọ́ jù, kò sì ná ọ ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ìwọ tí wọ́n bí ní ọsibítù King's College tàbí tí wọ́n gbé wá síbí ní kékeré, mélòó lo mọ̀ nínú oríkì orílẹ̀ yín? Ìyá àgbà kan wà nílé, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá, tó mọ̀ ọ́n dé ìdí. Kò sẹ́ni tó ń bi í mọ́. Wákàtí kan péré ni Nàìjíríà fi ṣíwájú wa nígbà òtútù, nígbà ooru aago kan náà la jọ ń lò, kò sí pé o ń jí wọn lóru.

Kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa kí o tó bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ orí fóònù ni. Bó bá jẹ́ ọkùnrin ni ọ́, kí o dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu, ọgbẹ́ ò tíì gbà ọ́ láàyè láti fi àyà lélẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n kì ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan kí o tó sọ pé o fẹ́ gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, jókòó tì í, kí o kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn. Èyí ló ń jẹ àkókò. Ìlà kan lè gba ọ̀sán kan, nítorí o ò mọ̀ bóyá igbá ni wọ́n pè tàbí ìgbà, o sì ní láti pè padà lọ́la láti bèèrè. Ìpè ọ̀la yẹn gan-an ni mò ń wá fún ọ. Arúgbó tó mọ̀ pé o máa pè lọ́la á ti ṣètò ìtàn mìíràn sílẹ̀: ẹni tó ta ilẹ̀, ẹni tó fẹ́ ìyàwó ẹlòmíràn, ìdí tí ìdílé yín kì í fi jẹ eku kan báyìí. Láàárín oṣù méjì, o máa ní ìwé kan tí kò sí ní láíbìrì kankan.

9. Òde àríyá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé, n ò sì ní tàn ọ́. Oúnjẹ ni ìkíni wa. Àwọn aládùúgbò wa aláwọ̀ funfun lè lọ sóde kí wọ́n mu omi kan, kí wọ́n padà sílé, ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n. Bí ìwọ bá wọ gbọ̀ngàn kan ní Old Kent Road lálẹ́ Sátidé, àwo ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù á ti wà níwájú rẹ kí o tó jókòó tán. Bí o ò bá fọwọ́ kàn án, àńtí tó ni ìnáwó á dé: "Ṣé oúnjẹ wa ò dùn ni?" Ẹlòmíràn á wò ọ́ láti òkè délẹ̀: "O mà ti rù o! Kí ló ń ṣe ọ́?" Nítorí lọ́dọ̀ wa, ẹni tó rù, wọ́n á ní àìsàn ni tàbí ìṣẹ́.

Má tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Ìdáwà ló ń gbé èèyàn padà sídìí fíríìjì. Pẹ́ kí o tó lọ, kí kúlà oúnjẹ ti kọjá. Gba àwo tí wọ́n bá fún ọ, má kọ̀ ọ́, wá ẹja inú rẹ̀ kí o máa jẹ ẹ́ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní kí wọ́n bá ọ di ìyókù. Ní ìdáhùn kan ṣoṣo fún àwọn olófòófó, kí o má yí i padà: "Mò ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ ni, ẹ ṣé, mà." Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n fi ọ̀bẹ kàn ọ́. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó bá mọ̀ ti tó.

Kí o sì gba iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dá fún ọ bá ti kọjá, sọ pé ìwọ ni o máa ṣa owó tí wọ́n bá ná fún olóde. Títẹ̀, dídìde, títẹ̀, dídìde, báàgì lọ́rùn ọwọ́, ojú gbogbo èèyàn lára rẹ, kò sẹ́ni tó máa ní kí o wá jẹun. Bí wọn ò bá fún ọ ní ìyẹn, jó. Ijó wákàtí méjì sàn ju ilé ìdárayá tó ń gba owó lóṣooṣù lọ.

Aṣọ ẹbí, ìyẹn ọ̀ràn mìíràn. Kí wọ́n lọ yọ orúkọ rẹ kúrò fún ọdún kan, nítorí ara rẹ ṣì ń fọn. Wọ èyí tó ní àwọ̀ tó sún mọ́ tiwọn.

10. Nígbà tí aṣọ bá di gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Má ra aṣọ tuntun lóṣooṣù nítorí pé ara ń fọn. Ara á ṣì tún fọn. Ìró àti bùbá ò bá ẹnikẹ́ni jà: ìró kan náà tó yí ọ ká lẹ́ẹ̀kan á wá yí ọ ká lẹ́ẹ̀kan àbọ̀. Ṣòkòtò onígbànú okùn fún àwọn ọkùnrin. Èyí tó bá kù, mú méjì péré lọ sọ́dọ̀ tẹ́lọ̀ kó fún un wọlé, owó kóló ni kí o fi san. Tó ò bá mọ abẹ́rẹ́ dì mú, èyí ni àkókò tí o lè kọ́ ọ.

11. Ṣọ́ ohun tó fẹ́ jókòó sórí àga tí oúnjẹ fi sílẹ̀.

Ọtí ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, pàápàá bypass, ọtí a máa tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìgò tó jẹ́ eré lánàá lè dá ọ dúbúlẹ̀ lónìí. Àwọn oníwàdìí ní Amẹ́ríkà gbé e jáde ní ọdún 2012 pé ní ọdún kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ìṣòro ọtí pọ̀ sí i láàárín àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé. Ọdún kejì, ẹ gbọ́, ìgbà tí gbogbo èèyàn ti ń kí ọ pé o ti rí bí ọmọge.

Tẹ́tẹ́ ni ìkejì, ti ẹ̀yin ọkùnrin ni mò ń sọ: bọ́ọ̀lù tí ẹ ń fi fóònù ta. Ìkẹta ni kí o máa ra nǹkan orí fóònù lóru. Wọ́n jọra, ọwọ́ tó ń wá àwo ló ń tẹ fóònù. Yọ káàdì báǹkì rẹ kúrò lórí fóònù kí o fi pamọ́ sínú àpótí aṣọ.

12. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí o gun òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń gùn ún láràárọ̀ àti lálẹ́ ti sọ òṣùwọ̀n di eré ìdárayá, eré tí kò dáa.

13. Nígbà tó bá ju kí nǹkan súni lọ.

Bí oorun bá kọ̀, tí wíwẹ̀ di ẹrù, tí o ń sunkún láìmọ ohun tó fà á, tí ọ̀sẹ̀ méjì sì ti kọjá bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àìrí-nǹkan-ṣe mọ́, páálí ẹyin mi ò lè wò ó. Pe àwọn tó ń tọ́jú ọ ní ọsibítù, kí o sì béèrè bóyá wọ́n ní ìpàdé àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ rẹ. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ní i, kì í gba owó. Ní England, o lè fi ara rẹ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ti NHS láìkọ́kọ́ rí GP. Bó bá jẹ́ òru ni, tí èrò burúkú ń wá, nọ́ńbà àwọn Samaritans ni 116 123, ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sùn. Kí o sì pe ìyá rẹ. Bí ìyá rẹ ò bá sí, ìyá ẹlòmíràn wà. Àdúrà dára, mo máa ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí o fi àdúrà rọ́pò dókítà, má padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

14. Ẹnikẹ́ni tó bá bá ọ sọ pé òun ní tíì kan, ìgbànú kan, tàbí òróró kan tó máa jẹ́ kí ìyókù ọ̀rá yọ́, tí owó rẹ̀ sì ju £10 lọ, ní kó kọ́kọ́ wá bá mi sọ̀rọ̀. Mo wà nílé láti aago mẹ́ta ọ̀sán.